Ìdúpẹ́ Tó Ṣáájú Òfin

Òórùn kọfí àti ti ẹ̀wù òtútù tí òjò pa ni ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí ọdún yẹn, lẹ́yìn náà ni mo tó máa rí okùn náà. Okùn pupa kan ni, ó nípọn, wọ́n fi ìkọ́ idẹ so ó mọ́ òpó méjì ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn aṣojúṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Atlanta. Bí ilé bá ti ń jókòó, aṣojú nìkan ló lè kọjá rẹ̀. Àwa yòókù, àwa akọ̀wé, àwọn oníròyìn, àti àwọn tí wọ́n ń gbowó láti máa rọ àwọn aṣòfin, ẹ̀yìn okùn ni a máa ń dúró sí, tí a ó máa na ọrùn wo inú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà ni. Lọ́yà ni mí nílé, mo ti wọ wíìgì rí, mo sì rò pé ẹni tó bá ti mọ òfin, ó ti mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Aṣojú kan tó ń ṣojú àdúgbò wa ní Smyrna, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ibẹ̀ gan-an, gbà mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ fún sáà kan ṣoṣo. Mò ń gbé fóònù, mò ń dá àwọn ará àdúgbò lóhùn, mo sì ń dúró lẹ́nu okùn láti sọ fún un ẹni tó ń wá a. Nígbà tí mo bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, mo máa ń ní mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé aṣòfin. N kò sọ fún wọn rí pé ẹ̀yìn okùn ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kò jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà ṣeré. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ní Abẹ́òkúta. Ó jẹ lọ́tìrì físà, ó gba ìsinmi tí kò ní owó oṣù nínú lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀, ó fi ọkọ rẹ̀ àti àbíkẹ́yìn wọn sílẹ̀, ó ní kí òun lọ kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Nígbà tó dé, àwọn tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ ní kí ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò sí mọ́. Wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí sì ní àwọn kò lè fọwọ́ sí ohun tí kò ṣojú àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá ara rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Conyers, tó ń di páálí. Tí mo bá lọ kí i ní Sátidé, á na ọwọ́ méjèèjì sí mi, á ní, "Wò ó, Lọ́yà. Ọwọ́ tó ń gbọmọ, tape ló ń fà báyìí." Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi mí léèrè ìbéèrè kan náà: "Kí n dúró ni, àbí kí n máa lọ? Leave mi ti ń tán lọ o." Ilé ìwòsàn ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá dé nígbà tí ìsinmi náà bá parí, àwọn yóò fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Ní sáà yẹn gan-an ni ọ̀gá mi gbé àbá òfin kan wá: pé kí nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì mìíràn títí ìwé rẹ̀ yóò fi pé. Kì í ṣe nítorí tiwa ló ṣe gbé e wá. Bẹ́ẹ̀dì pọ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni kò sí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Ọlọ́run ló gbé mi síbẹ̀.

N kò mọ̀ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe gùn tó. Wọn a kọ́kọ́ ka orúkọ àbá náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, abẹnugan a sì dà á sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó kàn. Ìgbìmọ̀ náà lè pè é, ó sì lè gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Bí wọ́n bá pè é tí wọ́n sì gbà á, kò tíì dé gbọ̀ngàn. Ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó sáàárín, òun ló ń yan èyí tí ilé yóò dìbò lé lórí lọ́jọ́ kan. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń pè ní onígbakọ nínú ọkàn mi: ọbẹ̀ lè jinná tán, bí ẹni tó mú ìgbakọ lọ́wọ́ kò bá bù ú fún ọ, ebi ni wàá sùn. Ọjọ́ kan sì wà nínú sáà tí ohunkóhun tí kò bá tíì jáde nílé aṣojú kò ní lè rékọjá sí ilé àwọn aṣòfin àgbà mọ́ lọ́dún yẹn; ọjọ́ ìrékọjá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá mi kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lórí gbogbo rẹ̀: àbá tí kò bá pariwo ni àwọn onígbakọ máa ń tètè rí. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n mi gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wá sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Alága, bàbá arúgbó kan, bi í pé ọmọ mélòó ni ó ti gbẹ̀bí wọn. Ó ní òun ti ṣíwọ́ kíkà láti ìgbà tí àwọn ọmọ tí òun gbẹ̀bí wọn ti ń gbé oyún tiwọn wá bá òun. Ẹ̀rín sọ, gbogbo wọn nawọ́ sókè pé àwọn gbà. Kí n tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní kọ́rídọ̀, ó ti ń bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ó ku ìgbìmọ̀ kan o. Ó ku gbọ̀ngàn, ó ku ilé àgbà, ó ku gómìnà."

"Ṣé ẹnì kankan sọ pé rárá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó parí! God has done it."

Mo lọ bá pásítọ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ mi dáadáa, kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Brother, mo mọ̀ pé ó ku díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà? Àwa máa dúpẹ́ ti ọ̀la mọ́ ọn. In advance." Ta ló fẹ́ dúró nínú ilé Ọlọ́run kó ní kí wọ́n fi ìgbàgbọ́ mọ níwọ̀n?

Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwòrán ọ̀gá mi gba ojú ògiri ńlá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Ẹ̀gbọ́n mi jó lọ síwájú, ìjọ jó tẹ̀lé e, èmi náà ń ju áńkáṣífù lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ẹni kì í dúpẹ́ kí àbúrò jókòó. Wọ́n gbé máìkì fún un. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn òun ti ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn òun nílé pé òun kò padà wá mọ́, nítorí ẹni tó ti dúpẹ́ kì í bojú wẹ̀yìn. Ìjọ hó yèè. Ẹsẹ̀ mi ń jó lọ. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bí ó ṣe ń bà mí ní kọ́ọ̀tù lọ.

Fídíò ìdúpẹ́ náà rìn jìnnà. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá fi sún mọ́ mi lẹ́nu okùn, ó fi í hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní ìsìn wa dùn púpọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí kò fẹ́ irú àbá bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, wọn kò sì mọ̀ pé àbá wa wà títí wọ́n fi rí ijó wa. Ọ̀gá mi pè mí wọlé. Kò bínú, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó bi mí pé ta ló sọ fún wọn pé ó ti parí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdúpẹ́ ìgbàgbọ́ fún un. Ó ní nínú ilé yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí gómìnà bá fọwọ́ sí i ni àwọn ń dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àbá wa kò jáde mọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ètò ọjọ́ náà síta, àràárọ̀ ni mò ń wá a tí n kò rí i. Kò sì sí ẹni tí mo lè bá jà. Gbogbo ẹni tí mo bá bi ní àbá tó dára ni. Alága àwọn onígbakọ fúnra rẹ̀ bá mi pàdé nínú ẹ̀rọ agbénisókè, ó di èjìká mi mú, ó ní ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ tó wú òun lórí. Nílé, bí àgbà kò bá fẹ́ nǹkan, á wúkọ́, ìwọ náà á sì mọ̀. Àwọn wọ̀nyí ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ní ọjọ́ ìrékọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó sí òkè níbi tí wọ́n fi àwọn olùwòran sí. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn okùn, n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dé ọ̀dọ̀ mi. Iná aláwọ̀ ewé, àmì àwọn tó gbà, àti iná pupa ń tàn níwájú orúkọ àwọn aṣojú lára pátákó ìdìbò, abẹnugan ń pe àbá kan tẹ̀lé òmíràn, àbá ẹran, àbá ọ̀nà, àbá nọ́ńbà mọ́tò. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá mi wá sẹ́nu okùn, ó mi orí. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó ti kú?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Kò kú, mà. Ọdún méjì-méjì ni ilé yìí ń lò. Àbá náà máa wà nílẹ̀ dọdún tó ń bọ̀."

"Ó wà láàyè nìyẹn?"

"Ẹnì kankan ò lè fọwọ́ kàn án títí dìgbà yẹn."

Ó fi gèlè rẹ̀ nu ojú. "Bíi tèmi," ló wí.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni n kò fẹ́ rántí. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo ní kó kúkú padà sílé, iṣẹ́ mìíràn á wà. Ó ní, "Kí n wá sọ fún ìjọ pé kí wọ́n dá ìdúpẹ́ mi padà?" Ní Conyers, páálí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí i ní "Nọ́ọ̀sì wa," á rẹ́rìn-ín, á ní àmín. Ọmọ rẹ̀ bi í lórí fóònù pé ìgbà wo ni òfin náà máa dé, ó gbé fóònù fún mi pé èmi ni mo mọ̀. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí pásítọ̀, inú bí mi sí okùn pupa. Sáà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà mí fún, ṣùgbọ́n n kò lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ àbá náà fún un?

Nígbà tí ilé tún jókòó, ọ̀gá mi bá ẹgbẹ́ ọkùnrin oníkóòtù náà ṣe àdéhùn, wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú àbá náà, àwọn onígbakọ sì bù ú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iná aláwọ̀ ewé nìkan ló tàn lára pátákó láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dìbò. Ilé àgbà gbà á, gómìnà fọwọ́ sí i. Nígbà náà ni mo tó tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, ó sunkún títí tí fóònù fi já.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ kéde rẹ̀, àwọn akọrin ti mú orin, ó ní kí nọ́ọ̀sì wa máa jó bọ̀ wá síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi dìde níbi tó wà. Ó ní, "Mo ti dúpẹ́ eléyìí, sà." Ó sì jókòó. Orin náà dákẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó rí ìjọ fín. Lónìí n kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Fayetteville báyìí, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ti dé, èmi sì wà lẹ́yìn okùn títí di òní, ó ti mọ́ mi lára. Nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ dúpẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde láti jó tẹ̀lé wọn, nítorí ó mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn dá jó. Ṣùgbọ́n kó tó dìde, á kọ́kọ́ fara tì mí, á bi mí wúyẹ́wúyẹ́: "Lọ́yà, ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí tiwọn?"