Ọjọ́ Tí Ṣọlágbadé Dúnàádúrà Lórí Ẹ̀jẹ̀ Ara Rẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Òkokomáíkò pé olóògbé Ṣọlágbadé, fọkanáísà tó ń lẹ táyà létí títì, kì í ra abẹ́rẹ́ láì dúnàádúrà. Àmọ́ ọjọ́ tó dúnàádúrà lórí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nílé ìwòsàn kan nítòsí Ìyànà Ìbà, ọjọ́ náà ni òkìkí rẹ̀ kàn dé Ọ̀jọ́.

Fúnkẹ́, ìyàwó Ìdírísù tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ló bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Dókítà ní kí wọ́n wá ẹlẹ́jẹ̀ kíákíá. Ti ọkọ kò bá tìyàwó mu. Ṣọlágbadé, tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án lu agogo ìwàásù lójú fèrèsé wọn láìjẹ́ kí wọ́n sùn, bá na apá. Tirẹ̀ bá a mu rẹ́gí! Wàhálà dé, nítorí ọkùnrin tó ń fi irin gún táyà látàárọ̀ dalẹ́ yìí, bó bá rí abẹ́rẹ́ dókítà, ojú fèrèsé ló ń gbà jáde.

"Nọ́ọ̀sì, gbogbo àpò yìí lẹ fẹ́ gbà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ gba ìdajì."

"Bàbá, a ò wọn gàrí níbí o!"

"Ó dáa, ẹ kúrò níbi tẹ́ ẹ wà, kémi náà kúrò níbi tí mo wà."

Ìdírísù wólẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, Fúnkẹ́ ń lọ."

Ṣọlágbadé wò ó. Ó dijú, ó ní, "Ẹ gún mi." Igbe "Jésù!" tó ké, gbogbo àgbò tó wà lọ́jà Alábá Rago ló dáhùn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àgbò.

Àpò kan kò tó. Ṣọlágbadé tún na apá kejì.

"Tiyín ti tó, Bàbá, ẹ ó dákú."

"Ènì ni mo fẹ́ fi sí i!"

"A kì í fi ènì sí ẹ̀jẹ̀!"

Ló bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, níbi tí àdúrà ti ń gbóná. Ó ní, "Ẹ̀ ń bẹ Olúwa pé kó lò yín. Ó ti ṣe tán o, ó ń dúró dè yín n'Íyànà Ìbà."

Alàgbà Adéníjì ní, "Ṣé ọmọ ìjọ wa lobìnrin náà?"

"Alàgbà, ṣé Jésù bi yín ní ìjọ tẹ́ ẹ wà kó tó kú fún yín?"

Èèyàn mọ́kànlá ló tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, Alàgbà ló ṣíwájú. Ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì nínú wọn bá ti Fúnkẹ́ mu, ó sì yè.

Láti ọjọ́ náà, agogo dákẹ́ lójú fèrèsé. Ìdírísù kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá wàásù fún wa mọ́?"

"Mo ti wàásù tán. Apá ló ṣì ń dùn mí."

Òjò èṣí ni àìsàn mú un lọ. Létí sàréè, wọ́n ní káwọn ọmọ olóògbé wá bu yẹ̀pẹ̀. Fúnkẹ́, tòun ti híjáàbù rẹ̀, bọ́ síwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ dá a dúró: "Ìyá, ọmọ nìkan la pè."

Fúnkẹ́ dúró, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Elizabeth, opó Ṣọlágbadé, ló na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ kó kọjá," ló wí. "Ibi tí Bàbá yín ṣì ti ń mí nìyẹn."