Ó Rẹ Ìyá Díẹ̀

Bí ẹ bá dé Tinúbú Square láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí gbogbo báǹkì ti tilẹ̀kùn, tí títì dá páropáro, ẹ ó rí obìnrin kan tó dé akoto lé híjáàbù, tó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, tó gbé ìkejì lé pédà. Basheerah nìyẹn. Òun ló máa ń kó àwọn àlejò tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ wo ìlú kiri. Á mú wọn gba Marina, á yà wọ́n sí Olówógbowó, wọ́n á gba Ìdúmàgbò kọjá, á sì parí rẹ̀ sí agboolé tiwọn gan-an ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti alábàárù Èkó, tí kò sì tíì ṣubú lójú àlejò rí, kì í ṣe ẹgbẹ́ èmi àti ẹ̀yin.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ogun ni nílé. Ìyá àgbà rẹ̀, Àlhájà Hàwáwù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá, ló tọ́ ọ dàgbà. Memunat, ọmọ Ìyá tó bí i, ti jáde láyé nígbà tí ọmọ ò tíì gbọ́njú. Ìyá ló rán an níléèwé, Ìyá náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ aláṣọ kan ní Ìdúmàgbò pé kó máa bá a ta léèsì. Ọjọ́ tí Basheerah wá ní òun ò ta léèsì mọ́, pé kẹ̀kẹ́ lòun fẹ́ máa gùn jẹun, Ìyá ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Ìwọ, obìnrin? Ojú wo lo fẹ́ kí n fi wo àwọn ẹlẹ́sìn ní mọ́sálásí?" Ó pẹ́ kó tó dá ọmọ lóhùn dáadáa, àfi tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Ẹ ò rí i pé àgbà kì í gbàgbé iṣẹ́.

Àmọ́ ọjọ́ tí Basheerah kọ́kọ́ kó àlejò wọ agboolé, tí Ìyá rí àwọn èèyàn tí òógùn ti bò tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí òun, inú rẹ̀ yọ́. Ó ní kí wọ́n bu omi fún wọn. Ó bi ọkùnrin kan nínú wọn pé, "Kí lorúkọ ẹ? Ọmọ ibo ni bàbá ẹ?" Ọkùnrin náà ní ọmọ Ìjẹ̀bú lòun. Háà, Ìyá bá la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Gìrìpá ọkùnrin bú sẹ́kún láàárín agbo. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá ti di ara iṣẹ́. Ẹnì kan fi fóònù ká a sílẹ̀, fídíò ọ̀hún sì rìn dé ibi tí Ìyá fúnra rẹ̀ ò dé rí. Ìyá tó ní kẹ̀kẹ́ ò dáa ló wá ń béèrè ní gbogbo alẹ́ Àbámẹ́ta pé, "Àṣàbí, àwọn mélòó lò ń kó bọ̀ lọ́la? Kí n lè tọ́jú ohùn mi." Àṣàbí ni oríkì Basheerah. Ìyá nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, àlejò mẹ́fà ló ní. Aṣáájú wọn ni Títílayọ̀, ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sókè òkun. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, àmọ́ ó kọ̀, kò ní sọ Òyìnbó. Kò tíì jókòó dáadáa sórí kẹ̀kẹ́ tó ti ní, "Àńtí, Màmá inú fídíò yẹn, ṣé wọ́n máa kì èmi náà? Tìtorí wọn ni mo ṣe wá." Basheerah rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n á kì yín títí ẹ ó fi gbàgbé ọ̀nà ilé."

Ẹ wò ó, kò mọ̀ pé Ìyá ò sí mọ́. Nígbà tó ń jáde ní ìdájí, Ìyá ṣì wà lórí ẹní ìrun, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó sì mi orí sí i pé ó dàbọ̀. Orí ẹní yẹn náà ló sùn lọ sí. Kò pariwo, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀, ọmọ ti dé Tinúbú. Ẹ sì mọ̀ pé mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́: ààfáà ní bí wọ́n bá ti kírun Àílà ọ̀sán tán, sàréè ló kàn. Ẹnì kan fẹ́ pe Basheerah lórí fóònù, ni Àlímọ̀t, àbúrò Memunat, bá já fóònù gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó ní, "Orí kẹ̀kẹ́ lọmọ yẹn wà! Ṣé òkú méjì lẹ fẹ́ ká sin ni?" Ó sọ òótọ́. Wọ́n bá rán Jíbrílù, káfíńtà àgbà tó ń gbé ojúlé kejì, pé kó lọ fọgbọ́n mú un wálé.

Olówógbowó ló bá wọn. Basheerah ń fi ilé àtijọ́ kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin han àwọn àlejò rẹ̀, ó ń dá wọn lẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí Jíbrílù tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Jíbrílù ṣí fìlà, ó ń wo inú fìlà. "Kò sí o. Ó kàn rẹ Ìyá díẹ̀ ni. Wọ́n ní kó o máa bọ̀ nílé. Má sáré o. Jẹ́jẹ́ ni kó o máa wa kẹ̀kẹ́ ẹ."

"Ó rẹ̀ wọ́n?"

"Díẹ̀ ni." Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Kò lè dúró kí ojú rẹ̀ má tú àṣírí ọ̀rọ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ta ni kò gbọ́ èdè yẹn nílẹ̀ yìí? Bí wọ́n bá rán àgbàlagbà sí ọ lójú títì pé ó rẹ ẹnì kan díẹ̀, tó tún ní kó o má sáré, o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Basheerah náà mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tó wà nídìí léèsì: òun ni wọ́n rán sí Ganiat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, pé ẹsẹ̀ ló ń dun ọkọ rẹ̀, nígbà tí ọkọ ti wà nínú aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n inú ọmọ èèyàn jìn. Ó mọ̀, ó sì kọ̀ láti mọ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Ṣebí ó máa ń rẹ Ìyá. Bí mo bá délé, wọ́n á ní àkàrà gbígbóná ló ń wu àwọn jẹ."

Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó ní, "Ṣé ẹ ò ní bínú tá ò bá gba Ìdúmàgbò mọ́? Ká kúkú máa lọ sílé tààrà."

Títílayọ̀ wò ó. "Kí ló dé, Àńtí? Ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ wí? Ẹni tó wá jẹ́ṣẹ́ ò wí pé Ìyá kú. Ṣé òun, ọmọ, ni yóò wá fẹnu ara rẹ̀ túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà? Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Oòrùn ni mo rò."

"Oòrùn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká rí gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. A ò mọ ìgbà tá a tún máa wá."

Ó fi fóònù pe Dáfídì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ni àwọn kẹ̀kẹ́ náà, bóyá á lè rán amọ̀nà míì sí i. Dáfídì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pa fóònù rẹ̀. Ó sì ti sọ ọ́ fún wọn títí: amọ̀nà kì í fi àlejò sílẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan, láti ọjọ́ tí àlejò kan ti dá gun kẹ̀kẹ́ lọ kọlu ọmọlanke tó sì kán lápá. Basheerah bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Ìgbà tó bá fẹ́ sáré, á rántí pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá rọra, á tún rántí ọ̀rọ̀ Jíbrílù.

Wọn ò tíì wọ Ìdúmàgbò tán tí kẹ̀kẹ́ ọkọ Títílayọ̀, tó wà lára àwọn mẹ́fà náà, fi tẹ ìṣó. Táyà jò, fùùù. Ẹ gbà mí! Basheerah dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó yọ táyà, ó lẹ̀ ẹ́, ó fún un ní atẹ́gùn, ó tún jò. Ọwọ́ tó ti lẹ irú ẹ̀ láìmọye ìgbà ò mọ̀ ọ́n lẹ̀ mọ́. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ yí àwọn àlejò ká, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí wa o," "Àńtí, ẹ wo ojú wa."

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ti rí Ganiat tó ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, kì í ṣe ọjọ́ ọjà, Ganiat sì wọ aṣọ dúdú délẹ̀. Bí ojú wọn ṣe ṣe mẹ́rin, Ganiat gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fẹ́ ká wọn lérí, ó tún rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

"Ganiat, ṣé ọ̀dọ̀ wa lo ti ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá ńkọ́?"

"Ó... ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Máa bọ̀ nílé, ọ̀rẹ́ mi." Ó sì yára kọjá, ó ń fi etí híjáàbù nu ojú.

Ládàánì bá pe ìrun Àílà.

Ẹ ò mọ bí ibẹ̀ ṣe súnmọ́ ilé tó. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kò ní làágùn kó tó dé agboolé wọn. Ẹsẹ̀ Basheerah kan ti yí síbẹ̀. Ì bá pe Ganiat padà pé kó bá òun dúró ti àwọn èèyàn yìí, àmọ́ á ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ì bá ju páńpù sílẹ̀ kó sáré. Ṣùgbọ́n bó bá sáré, ó ti gbà nìyẹn. Bó bá sáré, Ìyá ti kú. Lákòókò yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò fọwọ́ kan báàgì Títílayọ̀, tí Títílayọ̀ sì kígbe pé, "Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá síbí o!"

Kò fi wọ́n síbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fún táyà tí kò gba atẹ́gùn ní atẹ́gùn, omijé ń já sórí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àlejò rò pé òógùn ni. Mo bú u nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ dárí jì mí. Mo ní òmùgọ̀ ni. Nígbà tó yá, mo rò ó lọ rò ó bọ̀, n ò mọ ohun tí èmi ì bá ṣe.

Táyà kọ̀. Wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rìn bọ̀. Àwọn tó jókòó síwájú ilé ń dìde bí Basheerah ṣe ń kọjá. Ẹni tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé "obìnrin oníkẹ̀kẹ́" dákẹ́. Wọ́n kàn ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o," "Pẹ̀lẹ́, ọmọ Ìyá." Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé o," kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Obìnrin nìkan ló kù nínú agboolé. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tutù, ọṣẹ ṣì ń hó lójú àgbàrá níbi tí wọ́n ti wẹ Ìyá. Wọ́n ti ká ẹní. Yàrá Ìyá ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀. Àlímọ̀t dìde, ojú rẹ̀ ti wú.

"Basheerah! Ibo lo wà? A dúró, a dúró. Mo kúnlẹ̀ fún ààfáà pé kó jẹ́ kó o fojú kàn wọ́n, ó ní òkú ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn lọ ni. Kí ló dé tó ò sáré?"

"Wọ́n ní kí n má sáré."

Àlímọ̀t dì mọ́ ọn, ara Basheerah le gbagidi nínú ọwọ́ rẹ̀. Kó tún gbéra lọ sí itẹ́ òkú? Obìnrin kì í lọ. Wọ́n á ti máa bu yẹ̀pẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Títílayọ̀ wọlé, akoto ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn obìnrin, ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ojú tó mọ̀ nínú fídíò. "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin màmá. Màmá wa dà?"

Àlímọ̀t ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti lọ sin wọ́n. Jókòó."

Akoto bọ́ lọ́wọ́ Títílayọ̀. Ó yíjú sí Basheerah. "Ẹ mọ̀? Láti Olówógbowó, ẹ ti mọ̀? Háà, Àńtí! A à bá ti jókòó sẹ́bàá títì dè yín. Gbogbo wa. Gbólóhùn kan péré, a à bá ní kẹ́ ẹ máa sáré lọ. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Basheerah wo ilẹ̀ tútù tí wọ́n ti wẹ Ìyá. Ó wá jókòó sí i, pẹ̀lú aṣọ, pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú ọwọ́ tí girísì ti bà jẹ́.

"Mo fẹ́ kí Ìyá mi ṣì wà láàyè títí n ó fi délé."