Yọ́gọ́ọ̀tì Oníkànáfùrù ní Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi yọ́gọ́ọ̀tì pa ìyá mi ní Bẹẹrẹ lónìí!

Inú oòrùn ni ike yọ́gọ́ọ̀tì ọ̀hún wà, ó ti wú. Mo ní kí Màámi má rà á.

Ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín: "Alhaja, ẹ má dá ọmọ yín lóhùn. Mo kán òróró kànáfùrù sí i. Kòkòrò àìfojúrí kankan ò lè gbébẹ̀."

Mo ní, "Kànáfùrù lè dín kòkòrò kù lóòótọ́. Ṣé ó wá di fíríìjì ni?"

Ó ní òpè ni mí, ló bá ṣí i. Pàà! Yọ́gọ́ọ̀tì kíkan fọ́n bò ó lójú.

Màámi dá owó tí wọ́n ti yọ padà sápò.

Oníyọ́gọ́ọ̀tì nu ojú, ó ní, "Ẹ rí i? Agbára kànáfùrù nìyẹn!"

Irú ẹnu wo nìyí? Kí lẹ̀ bá sọ sí i?