Ìkòkò Wíwọ́ Láàrin Ìkòkò Ìyá Mi

Títí dòní, bí òjò bá dá tí òórùn amọ̀ tútù ta sí mi nímú, àárọ̀ ọjọ́ tí a gbé ìkòkò lọ sí ilé-ìwé ní Ìsàn ni mo máa ń rántí, ojú á sì tún tì mí.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Àwọn ìkòkò tó sá sóòrùn lẹ́yìnkùlé kì í jẹ́ kí á ríbi ṣeré. Nígbà tí tíṣà wa ní praimárì ní kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìkòkò kan wá fún púrójẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn dẹ́yìn. Lójú tèmi, mo ti gba ipò kìn-ín-ní tán.

Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe máa ń ṣe púrójẹ́ẹ̀tì nígbà náà: ọmọ á délé wí, ìyá á lọ rà á. Bí àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń wọlé wá nìyẹn, tí ìyá mi ń tà fún wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Nígbà tí mo béèrè tèmi, ó nawọ́ sí ìṣù amọ̀.

"Kì í ṣe uṣẹ́ ọwọ́ mi ni tíṣà béèrè," ó ní, "uṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni."

Ẹkún ni mo fi mọ ọ́n. Ó jókòó tì mí, ó ń sọ ibi tí mo ti ṣì í, àmọ́ kò fìka kàn án. Ìkòkò mi wọ́ sápá kan, ẹnu rẹ̀ sì là nígbà tí a sun ún.

Ní kíláàsì, òun nìkan ló wọ́ láàrin àwọn tó ń dán, iṣẹ́ ìyá mi sì ni gbogbo wọn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ amọ̀kòkò kò mọ ìkòkò í mọ. Tíṣà bi mí bóyá èmi ni mo mọ ọ́n lóòótọ́. Mo ní èmi ni. Máàkì tó kéré jù ló fún mi, ó sì ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i.

Èmi náà ti dìyá ọmọ báyìí, ní Ọ̀tùn. Láìpẹ́ yìí, ilé-ìwé ọmọ mi ní kí wọ́n fi páálí kọ́ ilé kékeré wá. Káfíńtà ni mo gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọ mi gba ipò kìn-ín-ní, mo sì gbé ilé náà sí pálọ̀ kí àlejò lè rí i. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó wá bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé èwo ni iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

"Èmi ni mo gbé e lọ sí ilé-ìwé, Màmá àgbà," ọmọ mi dáhùn tayọ̀tayọ̀.

Ìyá mi yíjú sí mi. Èmi yìí náà ni mo dúró ti ìkòkò wíwọ́ lójú gbogbo kíláàsì, tí mo ní èmi ni mo mọ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, n kò lè gbójú sókè wo ìyá mi.