Owó Àṣìrọ Sàlámọ́tù

Lánàá, ọmọ ọmọ mi ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sára ẹja tútù, ni òórùn rẹ̀ bá gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Olódì-Àpápá, níbi tí èmi àti bàbá mi ti máa ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn sí irú ìrántí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ojú ló ń tì mí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá mi. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, á da ṣéńjì ọjọ́ náà sórí ẹní, àwa méjèèjì á sì máa ṣà á. Owó tí àwọn tó rọ ọ́ ṣe àṣìṣe lára rẹ̀ là ń wá: òmíràn, àwòrán rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan; òmíràn, nọ́ńbà rẹ̀ á gun ara wọn, wàá rò pé ojú ló ń ṣe ọ́ bàìbàì. "Owó àṣìrọ" ni bàbá mi ń pè wọ́n, agolo mílíìkì kan ló sì ń kó wọn sí. Ìyá mi a ní òun ò tíì rí ẹni tí kò rówó ọbẹ̀ tó ń tọ́jú owó nítorí pé owó ọ̀hún burẹ́wà.

Bàbá mi kọ́ mi bí a ṣe ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. "Jù ú sórí sìmẹ́ǹtì, kó o gbọ́ ohùn ẹ̀." Òjé ni ayédèrú, pòkò ló máa ń dún; owó àṣìrọ á han gooro bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni Sàlámọ́tù. Ìyá rẹ̀ ń ta kẹrosínì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, àwa méjèèjì sì jọ ń lọ sí ilé-kéwú ní Amúkókò. Gbogbo Ọjọ́rú, tí à ń pè ní Àlàrùba, ni ọmọ kéwú kọ̀ọ̀kan ń ju kọ́bọ̀ mẹ́wàá sínú abọ́ táńganran Àfáà. Lọ́jọ́ kan, Àfáà mú ọ̀kan jáde, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ ti yẹ̀ débi pé apá kan kò ní nǹkan kan lára.

"Ta ló ni ayédèrú yìí?"

"Èmi ni, Àfáà. Màámi ló fún mi."

"Ìyá ẹ ló fún ẹ! Ayédèrú ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́hun nílé yín?"

Mo ti gbọ́ bí owó náà ṣe han nígbà tó bọ́ sínú abọ́. Mo mọ̀ pé ojúlówó ni. Ká ní mo sọ pé, "Àfáà, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n bí Àfáà bá gbà pé gidi ni, inú abọ́ ni yóò dá a padà sí; n kò sì rí owó àṣìrọ tó yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, mo ti ń ro bí bàbá mi yóò ṣe rẹ́rìn-ín tí mo bá mú un dé ilé. Ọ̀kánjúà baba àrùn. Àrùn tèmi ti gbó kí n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo dákẹ́. Wọ́n na Sàlámọ́tù ní pàṣán mẹ́fà, wọ́n sì ju owó náà sí i lẹ́sẹ̀.

Lọ́nà ilé, mo ní kó fún mi, kí n fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá tó dáa pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ń sunkún, ó dì mọ́ mi. "O ṣé o, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ nìkan lo ṣàánú mi."

Kí Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà tó dé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹni tó bá gba ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá Sàlámọ́tù á fi eyín gé e wò lójú rẹ̀ kòrókòró. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá ra kẹrosínì mọ́. Kí oṣù náà tó parí, obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ padà sí Ìsẹ́yìn, n kò sì fojú kan Sàlámọ́tù mọ́. Nígbà tí mo mú owó náà fún bàbá mi, ó ní ojú mi mú. Mo sọ fún un pé etí ọ̀nà ni mo ti rí owó náà, bẹ́ẹ̀ ló sì gbà á gbọ́ títí tó fi kú.

Ní báyìí, ta ló tún ń rí kọ́bọ̀? Fóònù lẹ fi ń sanwó. Ilé-kéwú ọmọ ọmọ mi pàápàá ti ní nọ́ńbà àkáǹtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òtítọ́ tó sì panu mọ́ kò tíì tán láyé. A máa ń sọ pé ọmọdé ò mọ nǹkan kan. Èmi mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá pàdé àgbàlagbà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàlámọ́tù, tí ìyá rẹ̀ ta kẹrosínì rí ní Olódì, ẹ bá mi sọ fún un pé owó gidi ni ìyá rẹ̀ fún un.