Ewúrẹ́ Àgbàsìn Lọ́jọ́ Ìkórè

Ẹni tó bá ń wá ìwòsàn fún ẹran, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló máa ń dé kẹ́yìn. Á ti rọ epo pupa sí i lọ́fun, á ti fi iyọ̀ ra á nímú, á ti bi aládùúgbò, á tún bi ẹni tí aládùúgbò bá júwe. Ìgbà tí ẹran bá wá na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọọrọ, tí eṣinṣin ti ń kí i kú àárọ̀, ni yóò rántí pé ìjọba gbé ọkùnrin kan wá sí Iléṣà tó ń gún ẹran lábẹ́rẹ́. Wọn kì í sì í wá lọ́jọ́ iṣẹ́ o. Ó di ọjọ́ Àìkú, ó di ọjọ́ ọdún, ó di ìgbà tí mo bá ti bọ́ṣọ tí mo bu òkèlè àkọ́kọ́. Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn, ìyá mi mọ̀ ọ́n kó tó kú. Mo máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wọn kí n tó fọwọ́ kan ẹran wọn.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, nílé mùsùlùmí. Aránṣọ ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí n di akọ̀wé. Nígbà tí mo sọ fún un pé iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń lọ kọ́ l'Òkè Ọya, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Gbogbo kéú tí o ké àti gbogbo ìwé tí o kà, ewúrẹ́ lo fẹ́ lọ kà á fún?” Ibùdókọ̀ ojú irin l'Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń já màlúù tó bá ti òkè wá. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn nìyẹn. Màlúù tó bá ṣàìsàn, a yà á sọ́tọ̀. Èyí tó bá kú, a sun ún. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ níwájú ẹni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé mi lọ sí Iléṣà, láàárín àwọn olóko kòkó àti olóbì, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹran lè ní ìdílé bí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbàsìn, torí òun ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní ewúrẹ́ púpọ̀ tí kò ráyè wọn á gbé abo kan fún ẹni tó ráyè pé kó máa bá òun sìn ín. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ bí, ti ẹlẹ́ran ni. Èyí tó bá bí tẹ̀lé e, ti alágbàsìn ni. Ìyá ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò yẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ran láéláé. Alágbàsìn kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án àyàfi tí ẹlẹ́ran bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó yá. Bó bá kú, alágbàsìn á gbé òkú rẹ̀ lọ han ẹlẹ́ran, kí wọ́n má baà ní ó lù ú tà ni. N kò bú àṣà yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ló ti ibẹ̀ di ẹni tó ní agbo ẹran.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lásìkò ìkórè. Gbogbo ìlú ti wọ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí n kì í ṣe ọmọ ìjọ wà lẹ́yìn ilé, mò ń fọ aṣọ mi. Ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ wọlé, wọ́n so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, orí ewúrẹ́ yọ nínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ń tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa fún erùpẹ̀ títí dé orúnkún. Opó ni obìnrin náà, láti abúlé kan lọ́nà oko. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú ni ẹni tó ti kẹ̀kẹ́.

Mo wo ìdí ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ kan yọ síta, ó ti gbẹ. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ló ti ń rọbí.

Obìnrin náà ní, “Láti àárọ̀ àná ni, dókítà.”

“Àárọ̀ àná. Kí lẹ wá ń ṣe látàárọ̀ àná?”

“A rò pé yóò bí i fúnra rẹ̀ ni. Àkọ́bí rẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ilẹ̀ mọ́, mo rìn wá sílé ìyá tó ni ín pé kí n sọ fún wọn, àwọn ará ilé ní wọ́n ti jáde lọ sí ìkórè. Mo wá padà lọ gbé e.”

“Ẹ rìn wá sí ìlú, ẹ tún rìn padà sí oko, ẹ tún wá rìn wá sí ìlú?”

“Àgbàsìn ni, sà.”

Orí mi gbóná. Mo bi í pé ṣé ewúrẹ́ ló ní kó lọ gba àṣẹ wá kí òun tó bímọ. Mo ní bí ilé bá ń jó, ṣé ẹni tó ni ilé ni wọn ó kọ́kọ́ wá lọ sí oko kí wọ́n tó bu omi. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ewúrẹ́ náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ní, “Ẹ má bínú, dókítà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn,” èyí sì tún bí mi nínú sí i.

Mo se irin iṣẹ́ mi lórí sítóòfù, mo fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi òróró pa á títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tóbi, ó sì ti yí orí sẹ́yìn bí ẹyẹ tó ń sùn. Mo fi ìka fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́, ó fa ẹsẹ̀ náà. Ó wà láàyè. Ẹnu yà mí, inú mi sì dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà láti yí orí rẹ̀ wálẹ̀. Kò ṣeé yí. Omi ti tán nínú ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ ti wú, ó ti fún mọ́ ọmọ náà pinpin. Ká ní wọ́n gbé e wá lánàá ni, iṣẹ́ díẹ̀ ni. Mo gbìyànjú títí ọwọ́ mi fi kú. Nígbà tí mo yọ ọwọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sọ bó ṣe rí fún un.

Mo ní, “Ọ̀nà méjì ló kù. Bí mo bá la ìyá rẹ̀ níkùn, mo lè gbé ọmọ jáde láàyè. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ ìyá rẹ̀ jù, n kò ní parọ́ fún yín, ìyá á kú. Èkejì ni pé kí n gé ọmọ náà níbi tó wà, kí n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ṣe èyí, ó ṣeé ṣe kí ìyá yè.”

Ó wá ní, “Èkejì tó máa bí nìyí. Ọmọ ni tèmi, dókítà. Ìyá kì í ṣe tèmi.”

“Èwo lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?”

“Ẹ jẹ́ kí ìyá tó ni ín dé. Wọ́n láàánú. Wọ́n lè ní ká la ewúrẹ́ náà.”

Òfin iṣẹ́ tèmi náà kò gbà kí n la ẹran níkùn lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Bí àwa méjèèjì ṣe ń wo ẹnu obìnrin kan tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Mo ní kí àbúrò ọkọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà, a ń gbọ́ àtẹ́wọ́ àti orin wọn láti ẹ̀yìn ilé mi.

Ó lọ, ó dé, òun nìkan. Ó ní wọn kò tíì pe ìdílé ìyá náà. Ó ní òun juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, ìyá náà sì juwọ́ padà pé kó dúró.

Ẹ ó mọ bí ìkórè ṣe rí l'Iléṣà kí ẹ tó bá mi bínú. Ìdílé ni wọ́n ń pè lẹ́yìn ìdílé, wọn á jó jáde lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ wọn. Ẹni tí wọ́n bá pe ìdílé rẹ̀ tí wọn kò bá a níbẹ̀, títí ìkórè mìíràn ni wọn ó máa fi sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ní kó padà lọ, kó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá a ní ìjókòó. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ oko ló wọ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdí fèrèsé yẹn náà ló ń lọ.

A jókòó ti ewúrẹ́. Mo ń fún un lómi, kò mu. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, n kò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá sọ ọ́.

Ó ní, “Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ohun kan tí mò ń wò tí mo lè pè ní tèmi. Ilé tí mò ń sùn, ti ẹbí ni. Kòkó, ti ẹbí ni. Ìkòkò tí mo fi ń dáná, ìyáálé mi ló ni ín. Mo ti ń gé ewé fún ewúrẹ́ yìí láti kékeré. Nígbà tó bí àkọ́bí, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e wá fún ìyá, inú mi dùn, mo ní ó ku tèmi.”

Mo bú ìkórè, mo bú àgbàsìn, mo bú ọjọ́ Àìkú, inú mi ni mo ti bú wọn, torí mùsùlùmí tó bá bú ìkórè sókè l'Iléṣà, kó yára di ẹrù rẹ̀. Orin yí padà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe ìdílé mìíràn. Ewúrẹ́ náà kò rọbí mọ́. Etí rẹ̀ ti tutù. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo tún fi ìka fún ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó fà á, kò sì lágbára. Mo sọ fún obìnrin náà pé bí a bá ń dúró báyìí, méjèèjì ló ń lọ.

Ó ní, “Ẹ gé e.”

“Ẹ ní kí n gé kí ni?”

“Ọmọ. Ẹ gé tèmi. Kí tiwọn má kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní òun kò lè gbé òkú ewúrẹ́ lọ bá ẹni tó ṣe òun lóore. Ó di ewúrẹ́ náà mú fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọmọ tó ti kú sínú ìyá rẹ̀, n kò ṣe é fún alààyè rí, n kò sì jẹ́ ṣe é mọ́ láyé. Abo ni. Mo fi àpò bò ó kíákíá, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti yíjú padà, ó ti rí i. Ó kàn ní, “Abo ni,” ó sì tún kọjú sí ògiri.

Ìyá ewúrẹ́ gbórí sókè. Ó mu omi díẹ̀, a wo ara wa, mo ní Alhamdulillahi. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ láti àná, abẹ́rẹ́ tí mo gún un kò ríbi mú. Orí itan obìnrin náà ló kú sí.

Ìgbà náà ni ìyá tó ni ín wọlé, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó ti ròyìn fún un lọ́nà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbàlagbà olóbì ni, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ fún eré tó sá, òógùn ti fa àtíkè rẹ̀ ní ilà. Kò ṣe ìgbéraga ní tirẹ̀, sísá ló sá wá. Ó ní, “Ó pẹ́ kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n ń pè wá tán ni mo jáde.”

Opó náà kúnlẹ̀. Ó gbé etí ewúrẹ́ sókè, ó fi àmì ẹni tó ni ín tí wọ́n gé sí i hàn án. Ó ní, “Ẹ wò ó, ìyá. Òun náà nìyí. N kò tà á.”

Ìyá náà ní, “Ta ló ní o tà á? Àbí èmi ni ẹ̀ ń dúró dè? Ewúrẹ́ kan ṣoṣo nínú agbo mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ǹ bá ní kẹ́ ẹ là á, kí ọmọ yè fún ọ.” Ó yíjú sí mi. “Dókítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ kàn jókòó?”

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, irin iṣẹ́ mi ni mo ń kó jọ. Obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹkún tí kò sun látàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà lójú rẹ̀, kò pariwo. Ìyá olóbì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àánú ló fi sọ ohun tó sọ, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Má sunkún mọ́. Abo kan wà lágbàlá mi tí kò tíì bí rí. Wá mú un lọ́la. Bí a ti ń ṣe é náà ni: àkọ́bí tèmi, èkejì tìrẹ.”

Opó náà dojúbolẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ ó jèrè.”

Ó béèrè ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbá ẹ̀jẹ̀ kúrò lágbàlá mi, mo ní kó fi sílẹ̀, kò gbà. Nígbà tó parí, ó rọra bi mí pé ewúrẹ́ tí kò tíì bí rí, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kó tó bí ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí kò bá sí àìsàn, ó lè tó ọdún méjì.

Ó ní, “Ọdún méjì,” ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.