Mo Fi Fèrèsé Wa Lé Òjò Lọ́wọ́

Àjà kẹta ni ilé wa wà ní Akwa, ní ìlú Douala. Pálọ̀ wa ní bálíkónì kan tí mi ò tíì fẹsẹ̀ kàn láti ọjọ́ tí a ti kó débẹ̀. Mo to ìdì aṣọ tí mò ń tà dí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, mo sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọjà ló pọ̀ jù, kò sí àyè. Irọ́ ni. Ibi gíga ló ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá ti dúró síbi tó ga ju àpótí ìjókòó lọ, orúnkún mi méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í kíra wọn.

Nítorí náà, fèrèsé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, inú rẹ̀ nìkan la máa ń nù. Ìyàwó mi á ní, "Ìta ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Òjò Douala wà níbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ tó báyìí, ṣé èmi ni n óò wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ń gbè mí títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọjà Youpwè ló ti ń ta ẹja gbígbẹ. Ó ti pẹ́ tí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ṣe ọ̀kan, wọ́n ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ wa, kí eruku àti atẹ́gùn má kan ojú náà, kó sì padà wá ṣe ìkejì tó bá yá.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, a mú un wálé, a gbé àga fún un sídìí fèrèsé. Ó kọ́kọ́ wò mí. Ó ní, "Àbúrò mi, o ti darúgbó o." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ìta, ó ní:

"Kùrukùru ni mò ń rí. Ọ̀nà jíjìn ò wọlé rárá. Iṣẹ́ abẹ yìí ò jẹ́."

Ìyàwó mi ní, "Màmá, gíláàsì ló dọ̀tí."

"Ẹ má tàn mí, ìyàwó wa. Ẹ kàn ń tù mí nínú ni. Ojú kejì yẹn, mi ò ní lọ ṣe é mọ́." Ló bá fa ìbòrí bojú.

Ìyàwó mi wò mí. Ìwò yẹn nìkan ti tó lù mí.

Mo dìde bí ọkùnrin. Oòrùn ọ̀sán ń jó lára gíláàsì. Mo bu ọṣẹ oníyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́, mo pò ó, mo sì fi ha inú fèrèsé náà gbirigbiri. Kí n tó mú àkísà, oòrùn ti fà á gbẹ. Ó wá rí bíi pé ẹnì kan da ògì sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú lábẹ́ ìbòrí. "Kùrukùru náà ti pọ̀ sí i."

Mo gbé omi javel tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, mo gbé fínígà, mo fẹ́ da méjèèjì pọ̀ sínú korobá kan náà kí agbára wọn lè pé. Ìyàwó mi já javel gbà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Tí ẹ bá po méjèèjì, èéfín rẹ̀ á gbé èèyàn lọ́fun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ojú ló tún jókòó síbí yìí."

Ó ní kí n jẹ́ kí oòrùn yẹ̀ lórí gíláàsì ná. A dúró títí a fi kí ìrun Àláásárì. Nígbà náà ló wá bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó da fínígà díẹ̀ sí i, ó kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ lé e. Ó mú aṣọ rírọ̀ tí kì í tú fọ́nrán, àti raclette, igi ọlọ́wọ́ gígùn tó ní rọ́bà létí, tí wọ́n fi ń gbá omi kúrò lára gíláàsì. Ó fi wọ́n nu ọṣẹ gbígbẹ inú kúrò, ó ní inú ti tó, ìta ló kù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdì aṣọ mi kúrò nídìí ilẹ̀kùn, ìdì kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń tú mi sí ìhòòhò.

Mo ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé ọjà ló pọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ máa bọ̀."

Mo gbé búùtà àlùwàlá mi, torí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, á dùn ún fi ṣan gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. "Ṣé fèrèsé náà fẹ́ kírun ni?" Mo dá a padà. Mo gbé àpótí, ìyàwó mi gbà á. "Àpótí ò gbọdọ̀ dé ìta. Ẹ ò ní gun nǹkan kan, ẹ ò ní fara ti irin bálíkónì yẹn. Igi yìí gùn tó, ilẹ̀ ni kí ẹ dúró sí." Mo kùn bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ ńlá dù. Nínú mi, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo jáde. Ìyàwó mi pa ilẹ̀kùn dé kí atẹ́gùn má wọlé. Ọwọ́ òsì mi so mọ́ ìdìmú ilẹ̀kùn, ọ̀tún ń ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Mi ò wò wọ́n, àwọn náà ò pè mí. Mo fi aṣọ olómi nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀. Omi dúdú ń ṣàn: èéfín ọ̀kadà, ewéédò tó ń hù níbi tó bá tutù, gbogbo ohun tí òjò mi tí mo ń yìn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi rọ́bà fà á láti òkè, mo nu etí rọ́bà, mo tún fà á. Bí mo ṣe ń fà á, ojú ẹ̀gbọ́n mi ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú gíláàsì, bí òṣùpá tó ń jáde nínú ìkùukùu.

Ó ti sí ìbòrí. Ó ń wò. Ó sún mọ́ gíláàsì, ó wò síwájú, ó wò sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ mi. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

Ó gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́: "Orúnkún rẹ ń gbọ̀n. Ọkùnrin òdìkejì títì tó ń sá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, òun náà ti dúró, ó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Mi ò lè yíjú wo òdìkejì títì. Ìyàwó mi ló wò ó. "Òótọ́ ni, Màmá. Àwọ̀ ewé ni."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbòrí nu ẹnu. "Ìyàwó wa, ìgbà wo ni rendez-vous dókítà fún ojú kejì? Mo fẹ́ fi méjèèjì wo ọ̀gbẹ́ni yìí."

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bẹ ọwọ́ òsì mi pé kó fi ìdìmú ilẹ̀kùn sílẹ̀.